Ṣé kí n ta ilé mi ní Houston kí n wá máa gbé ní Ajijic?

Ìyá kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní ó ku díẹ̀ kí àwọn fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, bàbá àwọn ọmọ ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ sì ti dá dúró. Ọ̀rẹ́ wọn kan níbi iṣẹ́ ti kó lọ sí Ajijic, ìlú kékeré tó wà létí adágún Chapala ní ìpínlẹ̀ Jalisco, lórílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, ojoojúmọ́ ló sì ń fi fọ́tò òdòdó àti omi ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n wá béèrè pé: "Ṣé kí n ta ilé mi níbí, kí n fi owó rẹ̀ ra ilé lọ́hùn-ún? Báwo ni ìgbé ayé ojoojúmọ́ ṣe rí gan-an fún àlejò, pàápàá ẹni tó jẹ́ ènìyàn dúdú bíi tiwa?"

Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó wúwo jù níbẹ̀. Ẹ má tíì ta ilé Houston. Ẹ wá ayálégbé tó dára sí i, kí owó rẹ̀ máa wọlé fún yín, kí ẹ sì wá háyà ilé kékeré kan ní Ajijic fún odidi ọdún kan, láti oṣù kẹfà ọdún kan sí oṣù kẹfà ọdún kejì. Ibẹ̀ ni èmi náà ń gbé, iṣẹ́ tí mo sì ń ṣe ni pé mò ń bá àwọn àlejò tuntun sáré ìwé àti ilé. Púpọ̀ nínú àwọn tí mo rí tí wọ́n di ẹrù wọn padà sí Amẹ́ríkà ló jẹ́ pé oṣù kejì ọdún ni wọ́n wá wo ìlú, oṣù kejì náà ni wọ́n sanwó ilé. Wọn kò mọ ohun tí oṣù karùn-ún àti oṣù kẹjọ ń gbé bọ̀.

Chapala ni adágún tó tóbi jù ní gbogbo Mẹ́síkò. Ó fi nǹkan bí 1,500 mítà ga ju ojú òkun lọ, ìdí nìyẹn tí ooru ibẹ̀ kò fi lẹ̀ mọ́ ènìyàn lára bíi ti Houston. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, òwúrọ̀ máa ń tutù, ọ̀sán á sì mọ́ rekete. Àsìkò yẹn ni àwọn ará Kánádà àti àwọn ará àríwá Amẹ́ríkà ń ya wọ̀lú, tí owó ilé ń gbówó lórí, tí ọkọ̀ sì ń dí ojú títì kan ṣoṣo tó gba etí omi láti Chapala lọ sí Jocotepec. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí fọ́tò ọ̀rẹ́ yín kò lè fi hàn: ilé ibẹ̀ kì í sábà ní ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru. Bíríkì ni ògiri, táìlì ni ilẹ̀. Ní òru oṣù kìíní, súwẹ́tà lẹ máa wọ̀ sùn, ẹsẹ̀ yín á sì máa wá ìbọ̀sẹ̀.

Bó bá di oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún, òkè tó wà lẹ́yìn ìlú á ti gbẹ táútáú. Eruku á máa fẹ́ wọ abẹ́ ilẹ̀kùn, iná á máa jó igbó orí òkè, èéfín oko tí wọ́n ń sun á sì bo ojú adágún débi pé ẹ ò ní rí òdìkejì rẹ̀. Ẹni tí ikọ́ fée ń bá jà gbọ́dọ̀ gbé oṣù méjèèjì yìí níbẹ̀ kó tó ra ohunkóhun. Ní ìparí àsìkò yẹn, kòkòrò kan á bẹ̀rẹ̀ sí í han lórí igi láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn ará ìlú á sì máa sọ pé òjò kò ní pẹ́ dé mọ́.

Òjò á wá dé ní àárín oṣù kẹfà, ó sì máa ń rọ̀ títí wọ oṣù kẹwàá. Òru ló sábà máa ń rọ̀, pẹ̀lú àrá. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ojú ọ̀run á ti mọ́, òkè tó gbẹ táútáú lánàá á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ru ewé. Mo fẹ́ràn oṣù keje níbẹ̀ ju gbogbo oṣù yòókù lọ. Ṣùgbọ́n oṣù keje yìí kan náà ló ń tú àṣírí ilé. Òrùlé ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀dà kan ni wọ́n fi ń kùn ún kí omi má baà wọlé, ó sì yẹ kí wọ́n tún un kùn ní ọdún bíi mélòó kan síra. Ibi tí wọ́n bá ti gbàgbé, omi á máa kán sórí ibùsùn. Ògiri tó ń mu omi láti inú ilẹ̀ á máa yọ ohun funfun bí iyọ̀, ọ̀dà ara rẹ̀ á sì máa ṣí. Ẹni tó fẹ́ ta irú ilé bẹ́ẹ̀ á ti kùn ún dáadáa ní oṣù kọkànlá, kí àlejò tó dé.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ojú àgbàrá. Láti orí òkè ni àwọn kòtò àgbàrá ti ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n á la àárín ìlú kọjá bọ́ sínú adágún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀nà tóóró lásán lẹ máa rò pé wọ́n jẹ́, àwọn ọmọdé á máa gbá bọ́ọ̀lù nínú wọn. Ní 2007, òjò ńlá kan wọ́ ẹrẹ̀ àti òkúta láti orí òkè wá sórí San Juan Cosalá, ìlú tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Ajijic lójú títì kan náà, ó sì ba ilé púpọ̀ jẹ́. Nítorí náà, ilé yòówù tó bá wù yín, ẹ lọ wò ó ní àárọ̀ ọjọ́ tí òjò gidi rọ̀ mọ́jú. Ẹ wo ibi tí omi gbà, ẹ wo bí ìpìlẹ̀ ọgbà ṣe rí, kí ẹ sì bi ìyá arúgbó tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà. Ìyá yẹn kò ní irọ́ kan tó fẹ́ pa fún yín.

Ariwo náà wà nínú ohun tó yẹ kí ẹ gbé ọdún kan wò. Andérù mímọ́ ni ìlú yẹn gbà ní alábòójútó, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá sì ni ọjọ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń ṣe ọdún náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni báńgà olókùn á ti máa bú lójú ọ̀run, agogo ṣọ́ọ̀ṣì á máa dún, ẹgbẹ́ onífèrè á sì máa fun fèrè ní gbàgede títí òru á fi jìn. Ó dùn-ún wò, ó dùn-ún gbọ́, mo sì ń rọ̀ yín kí ẹ jáde bá wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè sùn nínú ariwo kò gbọdọ̀ ra ilé tó sún mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, torí ẹ ò lè pe ọlọ́pàá sí ọdún ìbílẹ̀ àwọn tó ni ìlú.

Ní ti omi àti iná, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Nàìjíríà ti mọ ohun tó ń dààmú àwọn òyìnbó níbẹ̀ tipẹ́. Omi ìlú kì í sábà ní agbára tó pọ̀, nítorí náà inú kòtò sìmẹ́ǹtì kan lábẹ́ ilẹ̀ ló ń wọ̀, aljibe ni wọ́n ń pè é. Pọ́ńpù á fà á lọ sínú táǹkì orí òrùlé, ìyẹn tinaco, omi á sì ti ibẹ̀ ṣàn wá sí báfù àti kíṣìnì. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé háyà, ẹ ní kí wọ́n ṣí ìdérí aljibe lójú yín. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ kẹ́yìn àti iye ọjọ́ tí omi ìlú ń wá láàárín ọ̀sẹ̀. Bí onílé bá ń yẹ ìbéèrè yìí sílẹ̀, ẹ máa lọ wo ilé mìíràn.

Omi mímu yàtọ̀. Inú ike ńlá tó ń gba 20 lítà ló ń wà, wọ́n ń fi ọkọ̀ kiri àdúgbò tà á, ẹ dá òfìfo padà kí ẹ gba kíkún. Ẹ wá mọ ọmọkùnrin tó ń gbé e dáadáa, kí ẹ máa fún un ní owó díẹ̀ lé e, torí òun ló máa gbé e dé kíṣìnì tí yóò sì dà á sínú ìkòkò amọ̀ fún yín. Ẹ̀yìn ẹni tó ti gbé aláìsàn láti ọdún yìí wá kò yẹ fún ike 20 lítà mọ́.

Gáàsì ni wọ́n fi ń dáná, òun náà ni wọ́n fi ń gbé omi ìwẹ̀ kaná. Ilé mìíràn ní sílíńdà, ilé mìíràn ní táǹkì ńlá tí ọkọ̀ gáàsì ń wá rọ kún lórí òrùlé. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́, ẹ rí i pé mítà ọkọ̀ náà wà lórí òdo, kí ẹ sì gba rìsíìtì tí mítà fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde. Ẹ wo ọwọ́ tó wà lára táǹkì yín ṣáájú, kí ẹ tún wò ó lẹ́yìn. Wọn kò ní bínú, àwọn ará àdúgbò pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Iná ibẹ̀ kò ní bá ohun èlò tí ẹ kó láti Houston jà, 127 fóòtì ni, ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ni. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní CFE ló ni ín, oṣù méjì méjì ni bíìlì rẹ̀ sì sábà máa ń wá. Ìjọba ń bá ẹni tó ń lo díẹ̀ sanwó nínú rẹ̀. Ẹni tí ìlò rẹ̀ láàárín ọdún kan bá kọjá ààlà, wọ́n á gbé e sí ipò tí wọ́n ń pè ní DAC, ìrànwọ́ yẹn á sì kúrò lórí rẹ̀ pátápátá. Mo ti rí ẹni tó gbé ẹ̀rọ amúlétutù méjì wá láti Texas tó sì bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ lo fáànù, ó tó. Ẹ má sì sọ bíìlì iná nù, torí òun ni báǹkì, ọ́fíìsì ìjọba àti ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì máa ń béèrè láti fi mọ̀ pé ẹ ní àdírẹ́sì.

Ó ku ìwé, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ohun àkọ́kọ́: ṣé ọmọ ìlú Amẹ́ríkà ni yín báyìí, àbí káàdì ìgbélùú lẹ ṣì ń lò? Ẹ ò sọ ọ́ nínú ìbéèrè yín. Bó bá jẹ́ káàdì, tí ẹ bá kúrò ní Amẹ́ríkà ju ọdún kan lọ láì gba ìwé àṣẹ ìpadàwọlé kí ẹ tó lọ, wọ́n lè sọ pé ẹ ti fi ìgbélùú yín sílẹ̀. Ẹ gba ìwé ọmọ ìlú ná kí ẹ tó ronú kan Mẹ́síkò rárá.

Bí ẹ bá ti jẹ́ ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, ẹ lè wọ Mẹ́síkò láì gba físà, kí wọ́n sì fún yín ní ọjọ́ tó lè tó 180. Ìyẹn wà fún àbẹ̀wò. Ẹni tó fẹ́ máa gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òde, ní kọ́ńsúléètì Mẹ́síkò. Ọ̀kan wà ní Houston fúnra rẹ̀. Wọ́n á wo owó ìfẹ̀yìntì tó ń wọlé fún yín lóṣooṣù tàbí owó tó wà nípamọ́ ní báǹkì. Iye tí wọ́n ń béèrè máa ń yí padà lọ́dọọdún, nítorí náà ẹ má gba iye tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín, títí kan èmi. Ẹ ka ohun tí kọ́ńsúléètì kọ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ. Físà tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ páásípọ́ọ̀tì yín ní ọjọ́ 180 tí ẹ gbọ́dọ̀ fi wọlé, bí ẹ bá sì ti wọlé, ẹ ní ọjọ́ 30 láti lọ bẹ̀rẹ̀ ètò káàdì yín ní ọ́fíìsì INM, àwọn imigiréṣọ̀n wọn.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó máa ń fa wàhálà púpọ̀. Ní pápákọ̀ òfurufú Guadalajara, ìlú ńlá tó sún mọ́ Ajijic, bí ẹ bá na páásípọ́ọ̀tì sí òṣìṣẹ́ imigiréṣọ̀n tó ti rẹ̀, ó lè gbà yín wọlé bí àlejò tó wá ṣe fàájì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, físà yín ti dojú rú. Ẹ ṣí ojú ewé físà náà fún un, ẹ fi ìka tọ́ka sí i, ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan yìí: canje, ìyẹn ni pé ẹ fẹ́ pààrọ̀ físà sí káàdì. Kí ẹ má kúrò níwájú rẹ̀ kí ẹ tó rí i pé ọjọ́ 30 ló kọ. Bí káàdì bá ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ẹ má jáde kúrò ní Mẹ́síkò láì gba ìyọ̀ǹda, kódà bí ọmọ ọmọ yín bá ń ṣe ọjọ́ ìbí.

Wọ́n á fún yín ní ìgbélùú ọlọ́dún kan, ẹ lè sọ ọ́ di mẹ́rin, lẹ́yìn náà ẹ lè gba ti títí ayé. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì tí owó wọn tó máa ń gba ti títí ayé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ronú kan ọkọ̀ yín kí ẹ tó yan èyíkéyìí: ẹni tó bá ní ìgbélùú títí ayé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa wa ọkọ̀ tó ní nọ́ńbà Texas níbẹ̀. Àbúrò yín tó fẹ́ wá kí yín láti Ìbàdàn pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Mẹ́síkò, àyàfi bó bá ní físà Amẹ́ríkà tó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ mọ ọ̀rọ̀ ìlera jù mí lọ, nítorí náà mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Medicare, ètò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn àgbà, kì í sábà sanwó ìtọ́jú ní Mẹ́síkò. Síbẹ̀, ẹ má jáwọ́ nínú Part B, apá rẹ̀ tó ń sanwó dókítà, torí ẹni tó bá fi í sílẹ̀ tó tún padà wá yóò san ju iye tó ń san tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó ní káàdì ìgbélùú lè fi owó ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ sí IMSS, ètò ìlera ìjọba, ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń ka iye rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àìsàn kan wà tí wọn kì í gbà bó bá ti wà lára ẹni tẹ́lẹ̀. Ilé ìwòsàn aládàáni tó dára wà ní Guadalajara, nǹkan bíi wákàtí kan sí Ajijic bí ojú ọ̀nà bá já geere, wọ́n á sì béèrè káàdì báǹkì yín lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó gbé yín wọlé. Láti 2010 ni wọn kì í ta oògùn apakòkòrò mọ́ láì sí ìwé dókítà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ ilé oògùn, dókítà kan á wà nínú yàrá kékeré tó ń dá ènìyàn lóhùn ní owó táṣẹ́rẹ́.

Ẹ béèrè nípa àwọ̀ wa. Wọ́n á wò yín. Ní oṣù àkọ́kọ́, àwọn ọmọdé á yíjú, ìyá alátà á béèrè bóyá ará Kúbà ni yín, ẹlòmíràn á sì pè yín ní morena tàbí negrita, ìyẹn obìnrin aláwọ̀ dúdú, bó ti ń wọn tòmátì fún yín. Lẹ́nu ìyá ọlọ́jà, àpọ́nlé ni. Bó bá dùn yín, ẹ sọ orúkọ yín fún un. Láti ọjọ́ kejì, orúkọ yẹn ni yóò máa pè pẹ̀lú doña níwájú, torí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, àwọn náà sì ní ẹ àti o nínú èdè wọn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé ènìyàn dúdú ti wà ní ilẹ̀ wọn láti ìgbà tí Sípéènì ti ń jọba níbẹ̀. Vicente Guerrero, ààrẹ tó fòpin sí ìkónilẹ́rú ní Mẹ́síkò ní 1829, ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà wà lára rẹ̀. Ní Veracruz, Yanga tó sá kúrò lóko ẹrú gbógun ti àwọn ará Sípéènì lórí òkè títí wọ́n fi gbà kí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ìlú tiwọn, orúkọ rẹ̀ ni ìlú náà ń jẹ́ lónìí. Ní 2019 ni òfin ilẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ àwọn ọmọ Áfíríkà ibẹ̀, nígbà tí wọ́n sì ka ènìyàn ní 2020, àwọn tó ju mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ lọ ló sọ pé àwọn jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Etíkun Guerrero àti Oaxaca ni àwọn ìlú wọn ti gbajúmọ̀ jù, ó jìnnà sí Jalisco. Bí ẹ bá sì dárúkọ Yorùbá, ó lè ya yín lẹ́nu bí ẹnìkan bá béèrè ọ̀rọ̀ Yemọja tàbí Ṣàǹgó lọ́wọ́ yín, torí ẹ̀sìn òrìṣà ti gba Kúbà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ máa mú káàdì ìgbélùú yín dání nígbà gbogbo, pàápàá nínú bọ́ọ̀sì àti ní pápákọ̀. Àwọn imigiréṣọ̀n a máa dá ọkọ̀ dúró wá àwọn tó ń rìn lọ sí àríwá, ojú ènìyàn dúdú ni wọ́n sì sábà máa ń kọ́kọ́ wò. Kò dára, mo sì ń sọ ọ́ níbikíbi tí wọ́n bá ti fún mi láyè. Ṣùgbọ́n káàdì ọwọ́ yín á parí ọ̀rọ̀ náà láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ibi tó máa tù yín lára jù ni ọjà Wẹ́sìdeè. Àwọn olùtajà máa ń pa àgọ́ sójú ọ̀nà láti òwúrọ̀, wọ́n á sì ti ká a kúrò ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ lọ pẹ̀lú owó wẹ́wẹ́, torí ẹni tó bá na bébà 500 pẹ́sò sí alátà ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, kò ní rí ṣéńjì gbà. Ata rodo wà, habanero ni wọ́n ń pè é, ó pọ̀ ju ti Houston lọ bó bá jẹ́ àsìkò rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà. Ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe sobo wà nínú àpò ńlá, wọ́n ń ṣe omi rẹ̀ pẹ̀lú ṣúgà, wọ́n sì ń bù ú láti inú ìgò ràgàjì lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà òjò, ẹ béèrè quelite, ẹ ó rí i pé tẹ̀tẹ̀ ni. Verdolaga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pápásan ni. Edé gbígbẹ wà, èso elégédé tí wọ́n ti bó wà, mo sì máa ń lọ̀ ọ́ se ọbẹ̀ nígbà tí ẹ̀gúsí bá tán. Isu gidi ṣọ̀wọ́n lórí òkè yẹn, epo pupa ṣòro láti rí, kò sì sí èlùbọ́. Ìyẹn ni kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún nínú àpótí, pẹ̀lú ohun tí ẹ fi ń tọ́jú irun.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jẹ birria. Ẹran ewúrẹ́ ni, Jalisco ló ni ín, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ata àti èròjà, wọ́n á sè é títí ẹran á fi bọ́ lára egungun. Ìkòkò kejì tó sábà ń wà níbẹ̀ ni menudo, ṣàkì ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀rẹ́ yín òyìnbó lè má tíì tọ́ ọ wò. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ inú adágún náà, charales, wọ́n ń dín wọn gbẹ pẹ̀lú ata àti ọsàn wẹ́wẹ́, torí-tìrù lẹ máa jẹ ẹ́.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìlú méjì ló wà nínú Ajijic. Àwọn àlejò ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ láti 1955, Lake Chapala Society, ọgbà rẹ̀ dára, ilé ìkàwé rẹ̀ kún fún ìwé Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á sì ràn yín lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè gbé níbẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́ láì sọ gbólóhùn mẹ́wàá ní èdè Sípáníìṣì, ó sì ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé tí a fún yín nílé ló máa ṣí ilẹ̀kùn kejì. Bí ẹ bá wọ yàrá ìdúró dókítà, ẹ kí gbogbo ẹni tó jókòó. Bí ẹ bá kọjá lára ẹni tó ń jẹun, ẹ ní kó jẹ ẹ́ ní àjẹyó, buen provecho. Ẹni tó kọjá láì kí ènìyàn níbẹ̀, wọ́n á rántí rẹ̀, wọn kò kàn ní sọ ọ́ ni.

Owó dọ́là wa ti gbé owó ilé ga débi pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Ajijic ń lọ háyà ilé ní ibi tó jìnnà sí ìyá wọn. Ẹ má ṣe dá kún un. Ẹ bá onílé ṣe àdéhùn ní pẹ́sò, kí ìwé rẹ̀ wà ní èdè Sípáníìṣì. Bí ẹ bá gba ìyá kan tó ń bá yín tún ilé ṣe, òfin fún un ní owó ọjọ́ 15 ó kéré tán kí ogúnjọ́ oṣù Kejìlá tó kọjá, ó fún un ní ìsinmi ọjọ́ 12 lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́, ó sì ní kí ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní IMSS. Ìtìjú ló jẹ́ fún mi bí mo bá gbọ́ pé àlejò tó ní ilé ńlá ń bá obìnrin bẹ́ẹ̀ fa ọ̀rọ̀ owó ọdún. Ẹ sì jìnnà sí òṣèlú: òfin ilẹ̀ wọn, ní abala 33, kò fún àjèjì láyè láti dá sí i, wọ́n sì lè lé ènìyàn lọ nítorí rẹ̀.

Bí ọdún kan bá pé, tí ìlú náà ṣì wù yín, ẹ lè wá rà. Ajijic kò sí létíkun òkun, kò sì sí ní ẹnu ibodè, nítorí náà orúkọ tiyín ni yóò wà lórí ìwé ilé láì gba ọwọ́ báǹkì. Ẹ sá fún ilẹ̀ ejido, ilẹ̀ àjọni ti àwọn àgbẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ rọjú tó. Ilé tí wọ́n bá ní ọgbà rẹ̀ wọ inú adágún, ẹ ní kí wọ́n fi ààlà hàn yín, torí ìjọba àpapọ̀ ló ni mítà 10 létí omi. Notario ló máa kọ ìwé náà, agbẹjọ́rò tí ìjọba fún láṣẹ ni. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ yàn án, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ta ilé yàn án fún yín. Ẹ ṣe wíìlì ti Mẹ́síkò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, oṣù tí wọ́n ń dín owó rẹ̀ kù káàkiri orílẹ̀-èdè, kí àwọn ọmọ má baà máa sáré ilé ẹjọ́ ní èdè tí wọn kò gbọ́.

Oṣù kẹfà ni mo ní kí ẹ dé nítorí pé àwọn ará Kánádà á ti padà sílé, ilé á ṣófo, onílé á sì fẹ́ gbọ́ tiyín. Láti ba oṣù kẹfà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọjọ́ ní kọ́ńsúléètì láti oṣù kejì, torí kì í tètè ṣí sílẹ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ gba àkọsílẹ̀ báǹkì ti oṣù méjìlá tó kọjá, kí báǹkì fi òǹtẹ̀ lù ú bí kọ́ńsúléètì bá ní kí ó rí bẹ́ẹ̀. Kí orúkọ tó wà lórí rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tó wà nínú páásípọ́ọ̀tì yín, títí dórí orúkọ bàbá àti ti ọkọ.